Nínú Omi, Kò Síbi Ìkúnlẹ̀

Ní Mówè ìgbà yẹn, ẹni tó bá ní kànga tí kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọba kékeré ni. Àwa ò ní. Garawa omi kan ni màmá mi máa ń wọ̀n fún mi láàárọ̀. Òun ni n ó fi wẹ̀, òun náà ni n ó fi ṣan aṣọ tí mo bọ́ sílẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù, ilé ìgbẹ́ ló ń lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo sọ fún màmá mi pé Àǹtí Ẹlẹ́ja ń lọ lúwẹ̀ẹ́ ní Ìbàfò láràárọ̀, ìwẹ̀ ni wọ́n gbọ́.

"Ó ń wọkọ̀ lọ wẹ̀ ní Ìbàfò?" ni wọ́n wí. Ìdérí ìkòkò ṣì wà lọ́wọ́ wọn. "Ṣé kò sómi nílé ọkọ rẹ̀ ni, àbí ìwẹ̀ àdúrà ni?"

"Wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ ni, màmá. Nínú púùlù òtẹ́ẹ̀lì."

Wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn. "Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, ọlọ́mọ méjì. Ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún o. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e."

Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti rí i nínú omi, ojú mi ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Àǹtí Ẹlẹ́ja ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé fìríìsà ńlá méjì ló fi ń ta ẹja yìnyín lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ilé kẹta sí tiwa. Alárán, kòtè, ṣàwá, pańlá, kò sí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ́ ò ní rí. Ó ga, èjìká rẹ̀ sì gbòòrò débi pé kò sí télọ̀ Mówè tó lè rán bùbá tó bá a mu. Àwọn oníbàárà a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dán ìjà wò. Ọkọ náà, ẹni jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àfi lópin ọ̀sẹ̀, a kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, a gbé àpò rẹ̀ wọlé.

Ẹ ó rí i pé "ó" ni mò ń kọ fún un, èmi tí màmá mi nà títí tí mo fi mọ̀ pé ẹni tó bá fi ọjọ́ kan péré jù mí lọ, "ẹ" ni. Kì í ṣe àfojúdi. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ jìn díẹ̀, ẹ jẹ́ ká rọra dé ibẹ̀.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ pírámárì ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìbàfò. Iṣẹ́ olùkọ́ yẹn bá mi lára mu nítorí pé ẹnu mi kì í dákẹ́, tí nǹkan kan bá sì wọ́ níbìkan, èmi ló máa ń ṣe bíi pé wọ́n fi títọ́ rẹ̀ rán. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Àǹtí pàdé ní ibùdókọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Ọkọ̀ kan náà la wọ̀, ibì kan náà la ti sọ̀ kalẹ̀. N ò lè pa á mọ́ra.

"Àǹtí, ẹ̀yin náà ti ríṣẹ́ sí Ìbàfò ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Wá wò ó, tìṣà."

Òtẹ́ẹ̀lì náà wà lẹ́yìn títì márosẹ̀, ọ̀nà eléruku kan la máa gbà wọ ibẹ̀. Ẹni tó ni ín máa ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, àdéhùn wọn kò sì le: kó máa lo púùlù kí àwọn àlejò tó jí, kó sì máa kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Mo jókòó sórí àga oníke kan. Mo rò pé ó fẹ́ fomi ṣeré ni, bíi ti àwọn tó máa ń lọ sétíkun lọ́jọ́ ọdún. Ó tú ìró, ó ku aṣọ dúdú kan tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó fi rọ́bà dé irun, ó fi awò dí ojú. Ó bẹ́ sómi, omi náà kò sì pariwo. Ìyẹn ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Ẹni tó bá ti rí èèyàn tó bẹ́ sómi rí mọ bó ṣe máa ń ró gbàà. Tirẹ̀ dákẹ́. Ó wọlẹ̀ lọ, n ò rí i mọ́. Mo ti dìde, mo ti la ẹnu láti ké pe gáàdì, kó tó yọrí ní òdìkejì bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà ló gbà jáde.

Omi ń bà mí lẹ́rù, kí n má purọ́. Títí di ọjọ́ yẹn, bí ẹnìkan bá da omi sí mi lórí lójijì, ńṣe ni n ó di imú mú bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ rọ lágbo. Ṣùgbọ́n láti òwúrọ̀ náà, mo ń bá Àǹtí lọ sí Ìbàfò lójoojúmọ́. N ó máa fi bírò pupa máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi, n ó sì máa fi aago fóònù mi ṣọ́ ọ. Tó bá ti fọwọ́ kan ògiri, n ó ké iye ìṣẹ́jú àáyá tó lò fún un, yóò ní "Tún un kà," n ó tún un kà. Ẹ̀yìn rẹ́jísítà àtijọ́ kan ni mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Òórùn kẹ́míkà omi yẹn ṣì wà nímú mi di bí mo ṣe ń kọ èyí, òun àti òórùn àkàrà obìnrin kan tó máa ń dín in sẹ́bàá títì, tí a ó fi búrẹ́dì jẹ kí n tó sáré lọ sí ilé-ìwé.

Inú omi ni wọ́n bí i sí, ká kúkú sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni, láti ìlú tí ilé ń dúró lórí òpó, tí ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́ kó tó mọ ìrìn dáadáa. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún, ó ti lọ sí ìdíje tí gbogbo ìpínlẹ̀ máa ń kóra jọ sí. Ipò kẹrin ló gbé.

"Ìka ọwọ́ kan ni ẹni kẹta fi jù mí lọ," ló sọ fún mi. Ó na ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ sókè kí n rí i. "Ìka kan báyìí."

Lẹ́yìn náà ló lọ sílé ọkọ, ó bímọ, ó ra fìríìsà, ọ̀rọ̀ omi sì parí. Orókún ló mú un padà. Ìdúró ojoojúmọ́ nídìí ẹja ti ba orókún rẹ̀ jẹ́ débi pé kò lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ifọ̀ mọ́, ńṣe ló ń tẹ̀ bí igi tó fẹ́ ṣẹ́. Dókítà ní kó lọ máa lúwẹ̀ẹ́. Ó wá kó sómi nítorí orókún, ó bá nǹkan mìíràn pàdé níbẹ̀.

Ọdún tí mò ń wí yìí, Abẹ́òkúta ni ìdíje ńlá náà ń bọ̀. Ìpínlẹ̀ wa fẹ́ yan ẹnì kan ṣoṣo fún oríṣi ìlúwẹ̀ẹ́ tirẹ̀, èyí tí èèyàn máa ń ta ẹsẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì. Òun náà mọ̀ pé tí èyí bá kọjá, ó kọjá nìyẹn.

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ìka yẹn ṣì wà níbẹ̀," ló wí.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ ohun tó ń lé nínú ẹ̀gún.

Ọjọ́ Sátidé la máa ń lọ sí Abẹ́òkúta fún ìgbaradì. Ẹ ò bá wá wo kóòṣì ọ̀hún, ọkùnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ lè jí òkú, tí kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Yóò máa jágbe mọ́ àwọn ọmọbìnrin yòókù: "Gbẹ́sẹ̀ ẹ! Ṣé o ń sùn ni? Ṣé ibùsùn bàbá ẹ lo rò pé o wà?" Tó bá wá kan Àǹtí, yóò tẹ̀ ba, yóò fọwọ́ sẹ́yìn: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí kò bá ní ni yín lára mà, ẹ bá wa ta ẹsẹ̀ yín díẹ̀ sí i mà."

"Kóòṣì, ẹ bú mi," ni Àǹtí máa ń bẹ̀ ẹ́. "Bí ẹ ṣe ń bú wọn yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ṣe bú mi."

"Háà, mà! N ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Wọ́n kọ́ mi nílé, mà."

Àwọn ọmọbìnrin náà burú jù ú lọ. Bí Àǹtí bá ti wọlé, orókún tútù ni gbogbo wọn ń fi lélẹ̀ lórí kọnkéré: "Ẹ kú àárọ̀, mà." Tí wọ́n bá wà nínú omi, wọn a máa yà fún un bí ẹni pé ẹrù ló rù. Ó bá wọn sọ ọ́ títí. Ó ní lórí ilẹ̀ ni òun ti jẹ́ àgbà. Wọ́n á ní "Yẹ́ẹ̀sì mà," wọ́n á tún yà fún un.

Ọ̀kan wà nínú wọn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tín-ín-rín, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun nìkan ni aago rẹ̀ súnmọ́ ti Àǹtí. Lọ́sẹ̀ yìí òun ló máa ṣíwájú, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ Àǹtí ni. Nínú àwọn méjèèjì ni wọ́n ti máa mú ẹnì kan, kò sẹ́ni tí kò mọ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ ìdíje tí wọ́n máa fi yan ẹni náà tó mọ́, a lọ sùn sílé ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ifọ̀, kí ọ̀nà lè súnmọ́ wa. Màmá àgbà náà ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́ nígbà tí a dé. Wọ́n gbójú sókè.

"Wẹ́n ní o fẹ́ lọ wẹ̀ l'Ábẹ́òkúta," ni wọ́n wí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà Ifọ̀ ṣe máa ń pe "wọ́n". "Omi Mówè ò tó ọ wẹ̀?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n Àǹtí ti kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ tán porogodo, orókún méjèèjì kan ilẹ̀, kò sì dún kìn-ín. Màmá àgbà wo orókún yẹn.

"Ó ti gbọ́ràn," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀gúsí wọn.

Nígbà tí Àǹtí wọlé lọ, wọ́n pè mí mọ́ra. "Ìwọ tìṣà. Èmi ò mọ ohun tí wẹ́n ń fi omi dù. Ìyàwó mi ni mo mọ̀. Má jẹ̀ẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké dójú tì í lọ́la. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà. Ojú ò ní tì wọ́n, mà."

Ta ló rán mi? Ẹnu mi ni. Mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ ohun tí kò sí níkàáwọ́ mi, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí n ó ṣe san án.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá ọmọbìnrin tín-ín-rín náà níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń ki irun rẹ̀ bọ rọ́bà. Mo jókòó tì í bí ẹ̀gbọ́n rere.

"Àbúrò," ni mo wí, "o mọ̀ pé Àǹtí yẹn tó ìyá ẹ bí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ ṣì ní ọdún mẹ́wàá níwájú tó o máa fi lúwẹ̀ẹ́. Àwọn, ọdún yìí nìkan ni wọ́n ní. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í já iwájú gbà lọ́wọ́ àgbà. Mi ò wí nǹkan kan o. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni."

Ó wo ilẹ̀. "Mo ti gbọ́, mà."

"Mà" ló ń pè mí, èmi ọmọ ọdún méjìlélógún. Orí mi wú. Mo jáde síta bí ẹni tó jíṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Lọ kan, bọ̀ kan ni ìdíje náà. Wọ́n bẹ́ sómi. Ní àlọ, kò sí ẹni tó ju ẹnìkejì lọ. Wọ́n yí padà lára ògiri, wọ́n ń bọ̀, orí méjì ń yọ, orí méjì ń rì, ní ìgbà kan náà. Ó wá ku díẹ̀ kí wọ́n dé, ni ọwọ́ ọmọ náà bá rọ̀. Ẹni tí kò bá fi oṣù bíi mélòó kan wo ọwọ́ inú omi láràárọ̀ kò lè rí i. Mo rí i. Ọwọ́ náà kàn ṣe bí ẹni tó fẹ́ kanlẹ̀kùn tó tún rò ó. Àǹtí fọwọ́ kan ògiri ṣáájú, mo fò sókè, mo ké bí ẹni tó bí ìbejì.

Àǹtí ò ké. Ó ká awò ojú rẹ̀ sókè, ó yíjú sí ọmọ náà.

"Kí ló dé tó o dúró dè mí?"

"Mi ò dúró, mà."

"O dúró. Mo rí ọwọ́ ẹ lábẹ́ omi. Ta ló ní kó o dúró dè mí?"

Ọmọ náà gbójú sókè. Ojú rẹ̀ kan tèmi, ó sì yára gbé e kúrò. "Kò sẹ́ni kankan, mà," ló wí, ó ń wo omi.

Ẹ gbọ́ ohun tí èmi ẹlẹ́nu ṣe. Mo wo aago fóònù mi. Mo wò ó bí ẹni pé wọ́n kọ Bíbélì síbẹ̀, títí ojú wọn fi kúrò lọ́dọ̀ mi.

Àǹtí pe kóòṣì. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

"Mà, ẹ ti mú un. Ó ti parí, mà. Ẹ lọ sinmi."

"Èyí tí mo mú yìí, ẹ̀bùn ni. Àwọn ọmọ mi ń fún mi lẹ́bùn nílé. Kì í ṣe òun ni mo bá wá."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Kóòṣì fún wọn ní nǹkan bíi wákàtí kan kí wọ́n fi mí. Wákàtí kan tó ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún láti di tuntun. Àǹtí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, itan rẹ̀ ń gbọ̀n fúnra rẹ̀. Mo ń fi róòbù ra á, omijé ti ń bọ́ lójú mi. Mo kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má ṣe é mọ́. Wọ́n ti kọ orúkọ yín sílẹ̀."

"Dìde, tìṣà."

Kí n sọ ọ́ nígbà yẹn ló tọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé eyín mi. Mo gbé e mì.

Kí wọ́n tó gun orí pẹpẹ tí wọ́n ti ń bẹ́ sómi lẹ́ẹ̀kejì, ó fa ọmọ náà mọ́ra. Mo gbọ́ ohun tó sọ nítorí pé èmi ni mo gbé aṣọ ìnura dání. "Lórí ilẹ̀, tó o bá fẹ́, kúnlẹ̀ fún mi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nínú omi, kò síbi ìkúnlẹ̀. Tó o bá tún dúró dè mí, Mówè ni mò ń lọ, n ò sì ní padà wá. Ṣé o fẹ́ kí n lọ?"

Ọmọ náà mi orí. Ó ń sunkún.

"Ó dáa. Wá nà mí."

Ọmọ yẹn sì fẹ́ nà án lóòótọ́. Ní àlọ, ó ti fi orí àti èjìká ṣíwájú. Èmi tí mo mọ àdúrà gbà, n ò mọ èyí tí n ó gbà. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, Olúwa, jẹ́ kí ó borí, ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ yẹn dúró. Wọ́n yí padà. Àǹtí rì lábẹ́ omi, ó pẹ́ níbẹ̀ bó ṣe pẹ́ ní Ìbàfò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tó sì yọ, èjìká rẹ̀ ti bá èjìká ọmọ náà dọ́gba. Kóòṣì ti gbàgbé ara rẹ̀. Ó ń sáré létí púùlù, ó ń bú ramúramù:

"Gbẹ́sẹ̀ ẹ! Gbẹ́sẹ̀ ẹ, ìwọ! Ṣé o ń sùn ni? Tasẹ̀ ẹ, jàre!"

Àǹtí ló ń bú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó sì tasẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ṣáájú kan ògiri, lójú gbogbo wa, láìsí ẹni tó fún un.

Bí kóòṣì ṣe rántí ohun tó sọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi tó dà sílẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, mà! Èṣù ni, mà!" Àǹtí ò lè dáhùn, ẹ̀rín ò jẹ́ kó mí. Ó na ọwọ́ sí ọmọ tín-ín-rín náà láàárín omi, ọmọ náà gbà á, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹgbẹ́.

Nígbà tí ìdíje ńlá náà dé, màmá àgbà láti Ifọ̀ ní àwọn máa lọ wò ó. A jókòó pọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe rí ìyàwó wọn lórí pẹpẹ láàárín àwọn ọmọ tó lè bí, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí omi. "Sọ fún mi tó bá parí," ni wọ́n wí. Ẹ̀yìn wọn ni mò ń wò, n ó wo omi, n ó tún wo ẹ̀yìn wọn. Ọmọ kan láti ìpínlẹ̀ olómi lọ́hùn-ún ló gbé ipò kìíní, ó jìnnà sí gbogbo wọn. Àwọn méjì tó tẹ̀lé e jọ kan ògiri ni, bí mo ṣe rò. Ó pẹ́ kí wọ́n tó kéde rẹ̀. Àǹtí ló gbé ipò kejì. Ẹni kẹta, ìka ọwọ́ kan ni.

"Ó ti wẹ̀ tán?" ni màmá àgbà bi mí. Wọn ò tíì yíjú padà.

"Wọ́n ti wẹ̀ tán, mà. Igbá kejì ni wọ́n nínú gbogbo Nàìjíríà."

Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n fi nu ojú. "Ó mọ́ nígbà náà," ni wọ́n wí.

Ní Mówè, ó so mẹ́dààlì fàdákà náà kọ́ sára ìdérí fìríìsà fún ọ̀sẹ̀ kan, àwọn èèyàn ń wá ra pańlá tí wọn ò fẹ́ jẹ nítorí kí wọ́n lè fọwọ́ kàn án. Màmá mi lọ, wọ́n sì padà dé. "Nǹkan ló ń lé," ni wọ́n sọ fún mi, "ó sì lé e bá." Gbogbo àdúgbò wá sọ mí di tìṣà ìlúwẹ̀ẹ́, èmi tí n ò lè di mímí fún ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ní èmi ni mo dúró tì í. Bí wọ́n ṣe ń yìn mí ni ara ń ta mí.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà níbẹ̀ báyìí. Ilé epo ló wà níbi tí òtẹ́ẹ̀lì yẹn wà, kòtò púùlù náà wà lábẹ́ kọnkéré níbìkan. Àǹtí àti ọkọ rẹ̀ ti kó lọ sí Ifọ̀, sílé tí màmá àgbà fi sílẹ̀. Èmi náà ti dàgbà tó bó ṣe dàgbà nígbà náà. Tí mo bá lọ kí i, mò ń kúnlẹ̀, mò ń ní "Ẹ kú ilé, mà," bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ kan wà ní Ìbàfò tí mo máa ń rántí ju mẹ́dààlì lọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, lẹ́yìn tí a ti Abẹ́òkúta dé. Ó wà nínú omi, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé etí púùlù, ó ń sinmi. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ lórí kọnkéré.

"Àǹtí, èmi ni. Èmi ni mo sọ fún ọmọ yẹn pé kó dúró dè yín."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ojú rẹ̀ kàn ẹ́, ó sá. Ìwọ náà ń wo fóònù."

"Kí ló dé tẹ́ ò bá mi wí láti ọjọ́ yìí, mà?"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi, ó dà á sílẹ̀. "Mò ń dúró dè ẹ́ ni."

Ẹkún gbé mi. Mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń tẹ orí ba. Ó ní kí n dákẹ́. Ó ní àwọn òun méjèèjì ni mo dì lọ́wọ́, òun àti ọmọ yẹn, nítorí náà n kò lè jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ kí n máa bẹ òun.

"Wọ inú omi wá," ló wí. "Ibí ni kó o ti bẹ̀ mí."

Mo wo omi, mo wo aṣọ mi. Ó na ọwọ́. Mo di irin àtẹ̀gùn mú, mo sọ̀ kalẹ̀ tòun ti aṣọ. Omi dé ìdí mi, ó dé àyà mi. Mo dé iwájú rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ la ẹnu bẹ̀bẹ̀, ara mi ṣe ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré: mo kúnlẹ̀.

Omi bò mí mọ́lẹ̀. Ó wọ̀ mí nímú, ó wọ̀ mí létí, n ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, n ò mọ òkè, n ò mọ ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ kan kì mí lábẹ́ apá, ó fà mí sókè bí ẹni tó fa ẹja yọ nínú fìríìsà. Mo ń wúkọ́, mo rọ̀ mọ́ èjìká ńlá yẹn, ojú mi ò là. Kí n tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti já bọ́ lẹ́nu mi.

"O ṣé," ni mo wí.

Mo gbọ́ ọ bó ṣe jáde; ibẹ̀ ni "ó" tí mò ń kọ fún un ti wá. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, èyí tó túmọ̀ sí pé mo jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ni mo bá tún rì. Nígbà tó fà mí yọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti ń rẹ́rìn-ín débi pé gáàdì sáré wá wò wá.